Etí Ìwé Tí Mo Gé Dànù

Ọdún tí ìjọba sọ Lọ́kọ́ja di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rọ́ dé láti Kábà àti Mọ̀pá, tí ilé kan tí àwọn aládùúgbò wa ń so ewúrẹ́ mọ́ ní Ótókítí di ọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé rírán. Rálíà, àkọ́bí mi, ti tó ẹni tí ń pọnmi nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọdún wo ni, ilé ewúrẹ́ yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí.

N kò lọ sí ilé ìwé rí. Ọmọ àgbẹ̀ Òwórò ni mí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, bí a bá tò ó sílẹ̀ láti ojúde wa, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí odò. Kì í ṣe ìwé kíkọ ni iṣẹ́ mi o, kì í sì í ṣe ìwé kíkà. Ẹni tó bá kọ ìwé tán á kó tákàdá rẹ̀ wá, àá tò ó, àá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, àá lẹ páálí mọ́ ọn, àá wá fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kí ó dọ́gba. Báíńdà ni wọ́n ń pè wá láàárín ìlú. Èmi fẹ́ràn aránwé jù.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbé lọ tà fún Ọ̀gá Onimisi, ọkùnrin Ẹbira kan tó ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Kàdúná kó tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń fi sítáàṣì náà se lẹ́ẹ̀, àtè tí a fi ń lẹ páálí mọ́ ìwé. Ó wo bí mo ṣe ń fi ìka fọ́ kókó inú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Rálíà, ọwọ́ yìí kò yẹ kó máa ta lẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó máa lò ó." Owó tó ń san kò pọ̀, kò sì fi í jẹ mí níyà. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Tákàdá ni mo ń ká. Mo ń ká a, mo ń fi egungun màlúù kan tó ti dán bí eyín tẹ ojú ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí epo bá wà léèékánná mi, ó di ìgbà tí mo bá lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ló tó kọ́ mi bí a ti ń mọ orí lẹ́tà àti ìdí rẹ̀, kí n má baà rán ojú ewé kan sódì. Ó ní, "O mọ orí ẹja yàtọ̀ sí ìrù rẹ̀, àbí o ò mọ̀ ọ́n? Ohun kan náà ni." Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kan mo rán ìwé méje fún ọ́fíìsì kan. Mo tò wọ́n síwájú rẹ̀, inú mi ń dùn.

"Ìyá Rálíà, mélòó nìyí?"

"Méje ni, Ọ̀gá."

"Mélòó ló dáa níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mẹ́fà. Ọ̀kan ni òwú ẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò hàn."

Ó mú abẹ, ó sì já òwú gbogbo wọn, méjèèje, lójú mi.

"Ọ̀gá! Ọ̀kan péré ló dẹ̀!"

"Nígbà tí o mọ̀ pé ó dẹ̀, kí ló dé tí o fi kó o sáàárín? O fẹ́ kí àwọn mẹ́fà yòókù bá ọ bò ó mọ́lẹ̀. Jókòó, kí o tún wọn rán."

Mo sunkún dé ilé. Ọkọ mi ní kí n padà sóko, mo ní rárá. Ohun tí mo rí nínú ìyà yẹn, n kò tíì lè sọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà, mo kàn mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò ní tàn mí.

Ó ní òfin kan tó máa ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Kì í rán ìwé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ Ẹbira, ìbáà jẹ́ Háúsá tàbí Yorùbá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní aránṣọ tí kò mọ ẹni tí yóò wọ ẹ̀wù, níbo ni yóò ti mọ ibi tó yẹ kó fẹ̀? Ìwé tí akọ̀wé ń ṣí lójoojúmọ́, òwú rẹ̀ kì í le jù. Ìwé tí a fẹ́ tọ́jú fún ọdún gbọọrọ, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo dúró tì í, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n.

Fáìlì ìjọba ni a kọ́kọ́ ń rán. Nígbà tó yá, yunifásítì dé. Wọ́n ní kíláàsì kan níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì tó fún ẹ̀kọ́ tó wà níwájú. Ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn bí a ti ń ka ìwé ńlá, bí a ti ń kọ èrò ẹni sílẹ̀, bí a ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ olùkọ́. Kíláàsì ìgbáradì ni, rimídíà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ tó wọlé tààrà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin rimídíà, ẹ kú àtúnṣe o!" Àwọn olùkọ́ àti àwọn tó fẹ́ gboyè wá ń ṣe ìwádìí lórí kíláàsì yìí. Ìwádìí wọn ló di oúnjẹ mi, láti ọdún dé ọdún. Nítorí pé mò ń bi wọ́n, mo mọ ohun tí wọ́n ń wá, mo sì rí i bó ṣe ń yí padà.

Níbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe ni gbogbo wọn ń kà. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó de táì mọ́rùn nínú ooru Lọ́kọ́ja.

Mo ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Màmá, ó ṣòro díẹ̀ láti sọ lédè wa."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló wá ṣòro fún?"

Ó họ orí, ó họ ọrùn. Ó ní, "A ka àṣìṣe àwọn ọmọ kíláàsì ìgbáradì. A kà á, a sì pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà."

"Lẹ́yìn tí ẹ kà á tán ńkọ́?"

"Màmá, a kà á ni."

Ọ̀gá Onimisi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Bí ẹni tó ń ka ihò ara ajere! Rán an fún un, Ìyá Rálíà. Ó ti sọ òótọ́."

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń rán ní àsìkò tí ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣú, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbé iṣẹ́ fún un mọ́, ìka rẹ̀ nìkan ló fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò.

Olùkọ́ kan wà ní kíláàsì ìgbáradì náà, ọmọ Ìjùmú, Tísà Fúnmi ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ tó ń kí ènìyàn dáadáa ni. Ó gbé ìwádìí ńlá tirẹ̀ wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìdì méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ, tí yóò fi ṣe ẹ̀rí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò kó méjèèjì sílẹ̀. Bó bá kọjá ọjọ́ yẹn, àyè rẹ̀ ní kíláàsì náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí wọn ò tíì fi í múlẹ̀ níṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kún lọ́jọ́ náà. N kò bi í. Mo ní mo mọ̀ ọ́n: iṣẹ́ àwọn ọmọ ìgbáradì náà ni, mo ti rán irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo rán èkejì tán, mo ṣí i. Pupa ló kún etí gbogbo ojú ewé. N kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí bírò pupa túmọ̀ sí. Bí Rálíà bá gbé ìwé wálé nígbà kékeré, tí pupa bá pọ̀ níbẹ̀, abẹ́ ẹní ló máa ń fi í sí. Mo wá ń rò ó pé: àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ṣé títí ayé ni ìtìjú wọn yóò máa wà ní láíbìrì? Etí ìwé náà gbòòrò, pupa kò wọ àárín ọ̀rọ̀ rárá. Mo sún ìwé wọ abẹ́ ọ̀bẹ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ọ̀bẹ balẹ̀. Ìwé náà mọ́ bí ẹyin tí a bó. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Mo kó àwọn ẹ̀já etí rẹ̀, tí ọ̀bẹ gé kúrò, sínú àpò pẹ̀lú ti ìwé mìíràn. Hájíà Amina, obìnrin Núpé tó ń tọ́ ọmọ adìyẹ ní Gadumọ, wá kó o bó ṣe máa ń kó o. Ó máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn kí ilẹ̀ má tutù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá gba ìwé náà. Ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀.

"Ó dọ́gba. Kí ni Tísà ń wá nínú ẹ̀?"

Mo ń ká òwú tó wà lọ́wọ́ mi.

"O ò bi í."

"Mi ò bi í, Ọ̀gá."

"Fífẹ̀ rẹ̀ ti dín. Kí lo gé?"

"Pupa tó wà létí ẹ̀ ni. Àṣìṣe àwọn ọmọ."

Ó bẹ oníbàárà kan tó dúró níwájú wa pé kó ka àkọlé ìwé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á. Ó ní ìwádìí lórí ohun tí olùkọ́ ń kọ sí etí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbá mú. Mo fa ìborùn mi sí èjìká, mo fẹ́ sáré jáde. Ọ̀gá di etí ìborùn náà mú.

"Níbo?"

"Gadumọ. Kí n gba àpò yẹn kó tó tú u fún adìyẹ."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kí n lẹ̀ ẹ́ padà."

"Kí Tísà má baà mọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi."

"Sọ fún un kí o tó wá a. Bí o bá kọ́kọ́ wá a, ìwọ ń fi í pamọ́ ni."

Inú bí mi sí i, kí n má purọ́. Ilé Tísà wà ní Ótókítí, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Gadumọ. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo bá fi lọ tọrọ àforíjì, ẹsẹ̀ adìyẹ ń tẹ pupa mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ótókítí.

Tísà ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó kí mi bí ará Ìjùmú ṣe ń kí ènìyàn: "Òkun o, Màmá! Àbí ẹ ti parí ẹ̀?"

"Tísà, mo gé pupa etí iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn dànù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà kú. Atẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ìwádìí mi nìyẹn! Pupa yẹn gan-an ni ìwádìí mi! Fọtokópì tí mo ní, dúdú ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi mọ ohun tí mo kọ yàtọ̀ sí tiwọn."

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ gé e?"

"Mo rò pé ìtìjú àwọn ọmọ ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ìtìjú ni?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Abẹ́ ẹní ni ọmọ tèmi máa ń fi tirẹ̀ sí."

Ó wọ bàtà. Ọ̀kadà kan náà la jọ gùn. Ó ń bú mi láti Ótókítí dé Gadumọ, èmi sì di í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú kí n má baà jábọ́. Ọlọ́kadà ní, "Madam, abeg, ẹ jẹ́ kí màmá sinmi." Tísà ní kó máa wo ọ̀nà.

Hájíà ti tú àpò kan sílẹ̀. Méjì ṣì wà ní dídì. "Haba, Màmá! Ẹ̀já ìwé náà lẹ tún fẹ́ gbà padà? Àwọn adìyẹ mi ti sùn lé e o."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí Ọ̀gá rí. Pupa pọ̀ nínú àpò wọ̀nyẹn. Ìwé owó-orí ní ìlà pupa, ìwé àkáǹtì ní tirẹ̀. Ká ní èmi nìkan ló lọ, gbogbo rẹ̀ ni ǹ bá kó, tàbí kí n kó èyí tí kì í ṣe é. Ọwọ́ Tísà ló kọ pupa yẹn. Ó wọ inú ilé adìyẹ tòun ti búláòsì funfun, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Tèmi nìyí. Èyí kọ́. Tèmi nìyí. Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé eléyìí dìde lórí ẹ̀." Hájíà náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ adìyẹ sínú ìdì aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì la fi tò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti tú ìwé náà. Tísà á ka ọ̀rọ̀ ara ẹ̀já, á ní ó jọ pé iṣẹ́ ọmọ báyìí ló bá mu. Èmi á wá ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá, kí ìlà tákàdá tó wà lára ẹ̀já bá ti ojú ewé pàdé. Bí ó bá rú wa lójú, Ọ̀gá á fi ìka méjì fọwọ́ kan tákàdá méjèèjì, á ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni," tàbí "Wọn ò mọra." Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo lẹ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn pẹ̀lú bébà fẹ́lẹ́. Àwọn kan ti sọnù, adìyẹ ti ba àwọn kan jẹ́ kọjá kíkà. Tísà kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti èyí tí kò sí mọ́. Mo ní kó kọ orúkọ mi síbẹ̀, ó kọ̀.

Ó kó o sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò da ìbéèrè bò ó, ó sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n gbà á. Wọ́n fi í múlẹ̀ níṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá jókòó sórí àga Ọ̀gá. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹní yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ka gbogbo pupa tí mo kọ, mi ò bi ọmọ kan ṣoṣo rí pé kí ló fi ṣe." Ó lọ bi wọ́n. Àwọn kan ní àwọn máa ń ya á. Àwọn kan ní àwọn ò lè ka ìkọ̀wé rẹ̀ (ìyẹn dùn ún gan-an, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀). Ọmọbìnrin Ígálà kan ní òun ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé kékeré kan, òun sì ń kà á bí ẹni ń ka àdúrà. Ìyẹn ló wá di ìwádìí rẹ̀ kejì. N kò gé etí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni ìwé tó ń wọlé ti yàtọ̀. N kò ní èmi ni mo fà á o, mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi púpọ̀. Wọ́n dín kíka àṣìṣe kù, wọ́n ń bi àwọn ọmọ léèrè: kí ló ń bà yín lẹ́rù, báwo lẹ ṣe ń kó ọ̀rọ̀ sórí. Lẹ́yìn èyí ló kan èdè ilé. Ọmọ Òwórò kan kọ tirẹ̀ lórí bóyá kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Ẹbira tàbí Yorùbá jiyàn kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rán èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀rọ̀ fóònù, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn láti kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Tísà Fúnmi, tó ti di àgbà láàárín wọn, wá sọ ọ́ di àṣà: "Ẹ lọ sọ ọ́ fún Ìyá Aránwé ná. Bó bá yé e, ẹ kó o wá fún mi." Wọ́n á dé, wọ́n á máa làágùn.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Sípárà oníke, ike lílọ́ tí a ń kì bọ ihò etí ìwé, ló kọ́kọ́ dé, kò gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ gọ́ọ̀mù gbígbóná. Ọ̀gá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó yára. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí Ọlọ́run fi pè é. Ní báyìí, orí ẹ̀rọ ni púpọ̀ wọn ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí, díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Kò dùn mí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rán kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ló gbé e wá. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí ń tún Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ìgbáradì ṣe kí olùkọ́ tó rí i.

Mo ní, "Ta wá ni olùkọ́ ń kọ́? Ọmọ ni, àbí ẹ̀rọ?"

Ó ju ọwọ́ sókè. "Màmá! Ìbéèrè tí mo fi odindi ọdún wá nìyẹn!"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni ẹ ó ṣe, mi ò lè sọ fún yín pé ẹ wá rán ìwé. Ẹ wá ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kò ti ní bá yín bo ohun tó dẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ mi gbọ́ ìtàn adìyẹ yìí títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi, Súlè, tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná, wọlé wá bá èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lè jẹun. Ó ti parí iṣẹ́ ilé kan, ó ti gbowó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun so wáyà kan nínú àjà tí òun kò dì dáadáa. Ó ní òun á lọ nígbà tí onílé bá wà níbi iṣẹ́, òun á yọ́ gòkè, òun á dì í. Ta ló máa mọ̀?

Mo sọ fún gbogbo wọn, Rálíà wà níbẹ̀: "Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó lọ wá a. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ló mọ ibi tí nǹkan ẹ̀ wà."

Ó lọ. Nígbà tó padà dé, eruku àjà bo gbogbo orí rẹ̀.

Mo ní, "Onílé bú ọ?"

"Ó bú mi, Màmá. Ó bú ìran wa."

"Ó bú ọ tán?"

"Ó bú mi tán." Ó ń gbọn eruku orí rẹ̀. "Lẹ́yìn náà ló gun àkàbà tẹ̀ lé mi, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi títí mo fi dì í."